Ọkọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Súfèé

Ilé wa ní Ìlàrè, nílùú Ifẹ̀, wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, débi pé bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn ní etí títì lókè, iwájú ilé wa ló máa yí dé kó tó dúró. Bí òjò bá rọ̀, gbogbo ìdọ̀tí àdúgbò, iwájú ilé wa náà ni. Èmi ni mo sì ń gbá a. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi, torí mo bi Màámi bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, ọwọ́ ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni mí. Wọ́n ní láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni mo ti ń bá àlùfáà jiyàn. Ìró ilé yẹn ò tíì kúrò létí mi: ikọ́ Baba Àgbà láàárọ̀ kùtù, garawa tó ń fara gbá ògiri kànga, ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi tó ń sáré tó ń dúró, tó tún ń sáré, àti píkọ́ọ̀pù Bàámi tí kì í fẹ́ jí. Bí Bàámi bá yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ náà á wúkọ́, á tún wúkọ́, Baba Àgbà náà á wúkọ́ nínú yàrá, Màámi á ní, "Ẹ ò gbọ́ wọn? Wọ́n ti ń kí ara wọn o." Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. N kì í fẹ́ rántí ẹ̀rín yẹn, ṣùgbọ́n kì í bi mí kó tó wá.

Baba Àgbà, ìyẹn baba tó bí Bàámi, ni olórí ilé. Tíṣà àgbà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ wọn ò fẹ̀yìn tì nínú ilé. A kì í gbálẹ̀ kọjú sí wọn. A kì í gún nǹkan lódó tí wọ́n bá ń sùn lọ́sàn-án. A kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan. Èyí tó wá ga jù ni pé a kì í súfèé. Wọ́n ní ẹni tó bá ń súfèé níbi tí àgbà wà, ńṣe ló ń sọ pé òun ò rí èèyàn níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn jà, dókítà sì ti kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ bí wọn nínú, bẹ́ẹ̀ ni òfin tó ti le tẹ́lẹ̀ ṣe di ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn Baba. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ lọ bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi ni mò ń bu omi ìfọwọ́, tí mo sì ń jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi jẹun tán, tí wọ́n á fi ẹran kékeré kan sílẹ̀ nínú abọ́ bí ẹni pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ ni. Gbogbo ayé ń pè mí ní Péjú, àwọn ń pè mí ní Àjíkẹ́. Ohun tí ẹlòmíì á sọ tí wọ́n á fi na ọ̀pá sí i, tí èmi bá sọ ọ́, ẹ̀rín ni wọ́n á fi rín.

Píkọ́ọ̀pù Bàámi ló ń bọ́ wa. Kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, gàrí, iṣu, ohunkóhun tí àwọn ará oko Ẹdúnàbọ̀n bá ní tà ni Bàámi ń kó wá sí Ifẹ̀. Ọkọ̀ náà dàgbà jù mí lọ dáadáa. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo wà ní ìwé kẹfà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú pátápátá sójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù kòkó lórí, okùn ni wọ́n fi fà á wálé. Odidi ọjọ́ méjì ni Bàámi ò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mò ń fọ abọ́ lábẹ́ fèrèsé yàrá wọn nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún Màámi pé, "Tí ọkọ̀ yìí ò bá rìn mọ́, Pọ́táákọ̀ ni mò ń lọ. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń wá ẹni tó máa wa tírélà òun. Kí o mú Dàre lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ ní Iléṣà, kí Péjú lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Modákẹ́kẹ́." Dàre ni àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà yẹn. Màámi ní, "Kí ẹ wá fọ́n wa ká bí àgbàdo?" Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti lè wo ọkọ̀ yẹn láìbẹ̀rù. Tó bá rìn, a ní ilé. Tí kò bá rìn, kò sílé mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Màámi ta ẹ̀rọ ìránṣọ wọn kí owó ẹ́ńjìnnì lè pé. Àwọn tó wá gbé e dúró láti kí wọn, Màámi ò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò. "Ẹ̀rọ á tún wá," ni wọ́n sọ fún mi. "Ilé tó bá ya ni kì í ṣe é rán."

Mẹkáníìkì Bàámi ni Múfú, ọmọ Ìwó tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́nà Modákẹ́kẹ́. Ẹnu rẹ̀ mú ju tèmi lọ, bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, "Baba Péjú, irú ẹ́ńjìnnì tiyín yìí ti tán lọ́jà. Ẹni tó bá ní òun ní in, ẹ sá fún un. Ṣùgbọ́n mo rí tòkunbọ̀ kan, inú bọ́ọ̀sì ńlá ni wọ́n ti yọ ọ́. Dísẹ̀lì ló ń mu, ó sì ní tọ́bò. Òkè tó ń pa yín lẹ́kún yẹn, ẹ máa gùn ún bí ẹni tó ń lọ ìsìn." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń bá a jà. Tí mo bá ti dé láti ilé ìwé, èmi ni mò ń gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ fún Bàámi níbẹ̀. Wọ́n so ṣéènì mọ́ ẹ̀ka igi fúrúùtù, wọ́n fi gbé òkú ẹ́ńjìnnì jáde, wọ́n gé ibi tó ń jókòó lé kúrò, wẹ́dà sì jó òmíràn síbẹ̀. Gbogbo nǹkan ni kò bá ara wọn mu. Rédíétọ̀ ò wọlé, wọ́n tì í síwájú. Bátìrì ò ráyè, wọ́n kàn án mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ nínú àpótí igi. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tán, bọ́nẹ́ẹ̀tì ò padé, wọ́n bá gé ojú rẹ̀ ní ihò. Bàámi ń fi ọwọ́ ara wọn di irin mú, inú wọn ń dùn, orin ìjọ ń jáde lẹ́nu wọn. N kò tíì rí wọn bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì rí wọn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, Múfú pè wá súnmọ́ ọn. Ó fọwọ́ kan irin kan tó ká kò bí ìkarawun ìgbín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. "Ẹ wò ó, èyí ni tọ́bò. Òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì nínú. Eré tó ń sá nínú yẹn kò ṣe é fẹnu sọ, ó sì ń gbóná ju ààrò lọ. Ọ́ìlì tó ń lọ síbẹ̀ ló ń tù ú lára. Nítorí náà, tí ẹ bá ti ọ̀nà dé, ẹ má pa á lójijì. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ gúnlẹ̀ sí, kó mí. Ẹni tó sáré dé, ṣé ẹ máa ń tì í ṣubú ni? Tó bá jẹ́ èmi ni, Fátíà ni mo máa kà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí n tó pa á." Bàámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Èmi ò gbọ́ Lárúbáwá o." Múfú ní, "Ẹ ka Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run nígbà náà, Ọlọ́run kan náà ni. Ẹ ṣáà kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ má sáré kà á." Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ ẹlẹ́nu yìí, tí wọ́n bá gbàgbé, kí o rán wọn létí." Mo ní mo ti gbọ́. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, mo tún ní mo ti gbọ́.

Ọkọ̀ náà wọlé bí ọba. Bí Bàámi ṣe yà kúrò ní títì ni a ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn tó nípọn, tí fèé tín-ín-rín kan ń jáde láàárín rẹ̀, fíìì, bí ìgbà tí omi kẹ́tùlù bá ń hó. Àwọn ọmọ àdúgbò sáré tẹ̀ lé e. Bàámi gúnlẹ̀ síwájú ilé, wọn ò pa á, wọ́n jókòó síbẹ̀, ètè wọn ń mì, èmi àti Dàre dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, a ń bá wọn kà á: kí ìjọba rẹ dé, ìfẹ́ tìrẹ ni kí á ṣe. Nígbà tó di àmín ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Bàámi yí kọ́kọ́rọ́, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Fún ọjọ́ mélòó kan, bí ilé wa ṣe rí nìyẹn. Bàámi ń lọ oko lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Màámi ń se ọbẹ̀ tí ẹran wà nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sùn fọnfọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Baba Àgbà pe Bàámi. Mo ń bu omi ìfọwọ́ fún wọn lọ́wọ́. Baba ní, "Ta ló ń súfèé wọ ilé mi lójoojúmọ́ yìí?" Bàámi dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Baba, ọkọ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì tuntun yẹn ló ń dún bẹ́ẹ̀." Baba ní, "Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ni, etí mi ò tíì di. Ìwọ lo ń wà á, ìwọ lo ń súfèé. Ó dé iwájú ilé, ó dúró, kò kú, ó ń gbọn ilé mọ́ mi lórí. Kó má súfèé wọ ilé yìí mọ́. Bí o bá ti yà kúrò ní títì, pa á, kí o jẹ́ kó yí wálẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ṣé ibẹ̀ ò dà gẹ̀rẹ́ tó ni?" Mo wo Bàámi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Múfú wà lẹ́nu wọn. "Ẹ má bínú, Baba," ni ohun tó jáde. "Mo ti gbọ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, márùn-ún, ilé wa ti tú, a ò tíì mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bàámi gbìyànjú kí wọ́n dúró ní títì lókè kí wọ́n gbàdúrà wọn tán kí wọ́n tó yà, ṣùgbọ́n kọ́nà ni ibẹ̀, kò fẹ̀, ọkọ̀ agbégi kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ há wọn mọ́ ògiri. Àwọn awakọ̀ bú wọn bí ẹni tí kò níyà. Wọn ò dán an wò mọ́. Láti ìgbà náà, bí píkọ́ọ̀pù bá ti gbóná dé láti Ẹdúnàbọ̀n pẹ̀lú ẹrù, bó bá ti yà báyìí, káń, wọ́n á pa á. Á wá máa yí bọ̀ wálẹ̀ láìdún, táyà nìkan la máa gbọ́ lórí òkúta wẹẹrẹ. Baba á mi orí lórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ̀ẹ́n. Ọkọ̀ ọmọlúàbí nìyẹn." Mo kórìíra ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Títí dòní, tí ọkọ̀ bá yọ́ kọjá lára mi láìdún, mo máa ń dúró, màá wò ó títí á fi lọ.

A ń jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ kan, èmi, Màámi, Bàámi, àti Dàre tó ń fi ilá ya àwòrán sórí ilẹ̀, mo bá ní, "Bàámi, Bọ̀ọ̀dá Múfú ní tí ẹ bá ń pa á lójijì, ó máa bàjẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Baba? Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ọ́." Màámi fi ọwọ́ ọbẹ̀ gbá mi lẹ́nu. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àgbà tí ara wọn ò yá, ìwọ lo fẹ́ lọ bá tí o máa ní ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló ń ba ọkọ̀ jẹ́? Tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ru ńkọ́? Wọ́n á ní ta ló rán ọ? Wọ́n á ní èmi ni. Ìyàwó ilé yìí ni mí, Péjú, èmi kọ́ ni ọmọ onílé. Tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹ lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi àti ẹ ni." Mo wo Bàámi kí wọ́n dá sí i. Òkèlè ni Bàámi ń gé. Wọ́n gé e, wọ́n tì í bọ ọbẹ̀, wọ́n gbé e mì, wọ́n ṣan ọwọ́, wọ́n dìde. Èmi tí n kì í gbọ́ràn, mo gbọ́ràn lọ́jọ́ yẹn. Nínú gbogbo ìkìlọ̀ tí Màámi ṣe fún mi láyé wọn, ìyẹn nìkan ni mo pa mọ́ délẹ̀délẹ̀.

Kì í ṣe pé àyè ò sí. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé abọ́ lọ bá Baba. Mo máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà á kún ẹnu mi bí ìgbà tí èèyàn bu omi sẹ́nu tí kò gbé e mì. Lọ́jọ́ kan, Baba fi òkèlè sílẹ̀, wọ́n wò mí. "Àjíkẹ́, kí ló wà lẹ́nu ẹ? Ó ti ṣe díẹ̀ tí o ò bá mi sọ̀rọ̀. Ṣé wọ́n nà ọ́ ni?" Mo ní, "Rárá o, Baba." Wọ́n ní, "Sọ ọ́." Mo rántí ọwọ́ ọbẹ̀, mo rántí ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ń wo iṣan tó ń lù kìkì ní ẹ̀bá etí wọn. Mo ní, "Kò sí nǹkan, Baba. Ẹ jẹun." Wọ́n bá ń jẹun wọn lọ.

Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀. Fèé rẹ̀ tó tín-ín-rín tẹ́lẹ̀ di igbe, bí ẹni tí eyín ń dùn. Èéfín tó rí bí aró ń jáde lẹ́yìn rẹ̀, ọ́ìlì sì ń gbẹ lójoojúmọ́ tí a ò rí ibi tó ń gbà lọ. Bàámi gbé e lọ bá Múfú, mo bá wọn lọ. Múfú ki ìka bọ inú tọ́bò náà, ó mì ín, ó gbọn orí. "Baba Péjú, ẹ ń pa á lójijì." Bàámi ní, "Rárá o." Múfú ní, "Irin kì í purọ́. Ẹ ń pa á lójijì ni." Bàámi ní, "Mo ní rárá, Múfú." Mo gbójú sílẹ̀. Bàámi tí kì í purọ́, tó ń na èmi nítorí irọ́! Ṣùgbọ́n ta ló máa dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lọ máa ro ẹjọ́ baba tó bí i? Múfú nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àkísà. Ó ní ká má wa ọkọ̀ náà mọ́ títí òun á fi rí tọ́bò mìíràn. Bàámi ní ẹrù ń dúró de àwọn ní oko. Bó ṣe rí nìyẹn.

Sátidé ni, oòrùn ọ̀sán mú. Bàámi ti kó ẹrù àkọ́kọ́ dé, wọ́n pa á lókè, ó yí wálẹ̀, wọ́n jẹun, wọ́n fẹ́ padà lọ. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ó jí. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ Bàámi kan nǹkan kan. Ó gòkè, ó ń gòkè, igbe ló ń ké, gbogbo ọkọ̀ ń gbọ̀n, èéfín funfun tú jáde bí ẹni pé ilé ń jó. Bàámi pa á. Kò kú. Bàámi yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n nà án sókè kí gbogbo wa rí i pé ó ti wà lọ́wọ́ àwọn, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ké. Màámi gbé Dàre kọ́ apá, wọ́n ń pariwo, "Ẹ bọ́ sílẹ̀! Baba Péjú, ẹ bọ́ sílẹ̀!" Bàámi bọ́ sílẹ̀, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru lé wọn sẹ́yìn. N kò rí ọwọ́ mi nínú èéfín. Inú rẹ̀ ni Baba Àgbà ti jáde pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń ké lé Bàámi lórí pé, "Pa á! Ṣé o ò gbọ́ ni? Mo ní kí o pa á!" Bàámi na kọ́kọ́rọ́ sí wọn bí ọmọdé tí wọ́n mú pẹ̀lú ẹran lẹ́nu. "Baba, kò ṣe é pa. Ẹ wò ó. Kò ṣe é pa mọ́." Ó ké títí, ó wá han gooro lẹ́ẹ̀kan, irin kọlu irin nínú rẹ̀ gbàgà, ó dúró. Epo dúdú ń kán tó, tó, tó, sórí ibi tí mo gbá láàárọ̀.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ni Múfú dé. Kò ju kó tú páìpù kan, kó wo inú rẹ̀ lọ. Baba ti gbé àga wọn jáde síwájú ilé, wọ́n ní kó wá ṣàlàyé fáwọn. Múfú ò mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Baba, tọ́bò ló jẹrà, ó ń da ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnnì lọ́nà ọ̀fun, ẹ́ńjìnnì wá ń mu ọ́ìlì ara rẹ̀ bí epo. Kọ́kọ́rọ́ ò lè pa ìyẹn. Ẹni tó ń pa ẹ́ńjìnnì yìí lójijì tó bá ti ọ̀nà dé, òun ló pa á. Mo sì kìlọ̀ fún wọn o, ọmọ yìí gan-an wà níbẹ̀." Baba wo Bàámi. Bàámi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú epo dúdú yẹn pẹ̀lú aṣọ ìsìn lọ́rùn. "Èèṣì ni, Baba. Ẹ má bínú." Ẹ gbọ́ mi o! Bàámi ló ń bẹ̀bẹ̀. Baba ní, "Èèṣì kọ́. Èmi ni mo ní kí o máa pa á." Ohùn wọn kéré. Wọ́n yíjú sí Màámi, Màámi kúnlẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi. "Àjíkẹ́, ìwọ náà mọ̀?" Mo ní, "Mo mọ̀, Baba." Wọ́n mi orí títí. "Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin wá jẹ́ kí èmi nìkan máa dá gbọ́n. Ṣé ẹ̀rù mi ló bà yín tó báyìí ni?"

Oṣù yẹn ò parí tí Bàámi fi gba Pọ́táákọ̀ lọ. Màámi mú Dàre lọ sí Iléṣà, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Èmi di ará Modákẹ́kẹ́, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Bàámi tó ń ka ẹran sọ́bẹ̀. Tí mo bá lọ kí Baba, wọn kì í pàṣẹ kankan mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń súfèé níwájú ilé, Baba ò tilẹ̀ yíjú wò wọ́n. Oúnjẹ tí àwọn ará àdúgbò bá gbé síwájú wọn ni wọ́n ń jẹ, ibi tí wọ́n bá ní kí wọ́n jókòó sí ni wọ́n ń jókòó. Wọn ò lò ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ tí wọ́n fi kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí gbogbo wa ń bẹ̀rù náà kọ́ ló pa wọ́n, ó dá mi lójú. Ìgbà díẹ̀ tí Màámi sọ wá di gbogbo ayé wọn. Wọn ò bá Bàámi gbé abẹ́ òrùlé kan mọ́ títí a fi sin wọ́n ní Iléṣà. Lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn, Dàre dọ̀bálẹ̀ kí mi bí àlejò, ó ń pè mí ní "àǹtí", Ìjẹ̀ṣà ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún, kì í ṣe nítorí Màámi nìkan.

Ọ̀dọ̀ mi ni Bàámi wà báyìí. Ojú wọn ti ń ṣú, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, àmọ́ wọ́n ṣì lè bó ẹ̀gúsí. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, a jọ jókòó lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án, à ń bó o, mo bá bi wọ́n léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí orí mi ò tíì ní ewú. Mo ní, "Bàámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Baba nígbà yẹn? Ọ̀rọ̀ kan péré." Bàámi ò dá ọwọ́ dúró. "Èmi? Kí n wo ojú baba tó bí mi, kí n ní ẹnu wọn ló ń ba iṣẹ́ mi jẹ́? Ọmọkùnrin ò lè sọ ìyẹn fún baba rẹ̀." Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Wọ́n bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́fà, méje. Wọ́n ní, "Ìwọ ni mò ń retí. Kò sí ohun tí o sọ tí í dun Baba. Nígbà tí ìyá ẹ gbá ọ lẹ́nu pé o ò gbọdọ̀ sọ ọ́, ọkàn mi tilẹ̀ balẹ̀, mo ní ọmọ yìí kì í gbọ́ràn, ó máa sọ ọ́ ni." Ọwọ́ tèmi ti dúró. Bàámi ò rí i, ojú wọn ò ríran débẹ̀ mọ́. "Tí o bá ti gbé oúnjẹ Baba, mo máa ń lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo máa ń gbọ́ tí ò ń bu omi fún wọn. Màá ní, ó yá, ó máa sọ ọ́ báyìí. Màá dúró títí màá fi gbọ́ tí ò ń kó abọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo dúró síbẹ̀, Péjú."